Mo Ní Kí Wọ́n De Bàbá Mi Mọ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Enugu, ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. N kì í sábà sọ ọ́.

Bàbá mi, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Idaw River Layout. Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun mú wọn, mo sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní iṣẹ́ abẹ ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́. Kí n gbé wọn lọ sílé, kí a máa fún wọn ní oògùn ìrora.

Ṣé mo gbọ́? Èmi àkọ́bí! Kí àwọn ará ilé wá sọ pé mo gbé Bàbá wálé kí wọ́n wá kú? Mo ní kí dókítà ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe. Mo sì sọ fún Bàbá pé ara wọn ti ń yá. Irọ́ gbuu!

Àwọn nọ́ọ̀sì ki rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú kí oúnjẹ lè máa wọlé. Bàbá fà á yọ. Wọ́n tún ki rọ́bà náà bọ̀ wọ́n nímú, Bàbá tún fà á yọ. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Igbo, wá bá mi.

"Oga, your papa no want this thing o. Make we tie him hand?"

Mo ní kó dè wọ́n.

Ó fi báńdéèjì so ọwọ́ wọn méjèèjì mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Bàbá wò mí. Ohùn wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán.

"Àjàní, kí ni mo ṣe tí ẹ fi dè mí? Gbé mi lọ sílé."

"Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá. Ó kù díẹ̀."

Díẹ̀ kí ni? Èmi gan-an ò mọ̀!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo tọrọ àyè ní ọ́fíìsì, mo yà ní Kenyatta Market, mo ra pìjámà tuntun fún wọn. Nígbà tí mo máa dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ti fi aṣọ bo Bàbá lójú. Nọ́ọ̀sì yẹn jókòó tì wọ́n. Ó ní òun tú ọwọ́ wọn nígbà tí òun rí i pé ó ti ń parí lọ, wọ́n sì di ọwọ́ òun mú títí.

Ó wá bi mí pé, "He just dey talk 'ilé, ilé'. Wetin be ilé?"

Mo bú sẹ́kún.

Mo fẹ́ràn bàbá mi, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ẹ̀rù ẹnu ayé ló bà mí, mo sì pè é ní ìtọ́jú. Ẹ bi aláìsàn yín léèrè ohun tó fẹ́ nígbà tó ṣì lè fọhùn, kí ẹ sì ṣe é. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró níbi tí mo dúró sí yẹn, kí lẹ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi.