Fìlà Funfun Nínú Omi Aró

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ́ ìkòkò aró màmá mi ní Òkè-Onígbìn ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Ìlú le lọ́dún náà, aró yìí la sì fi ń jẹun. Olórí àdúgbò kó èrò lẹ́yìn, ó gbé kùmọ̀ dé, ó ní omi aró ń ba odò jẹ́.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti sun ṣùkù àgbàdo di èédú, mo sì ti kó o sínú ìkòkò oníhò tí màmá mi fi ń sẹ́ omi eérú tó fi ń po aró. Mo da omi aró sí i lójú wọn. Omi tó mọ́ ló ń kán jáde.

"Irọ́!" ni olórí àdúgbò wí. "Bí ó bá kan aṣọ funfun, aró á yọ!"

"Ẹ dákun, baba," ni mo wí. Mo ṣí fìlà funfun orí rẹ̀, mo rì í bọ inú omi tó kán jáde náà. Gbogbo èrò kígbe. Fìlà jáde, ó funfun báláú.

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ nítorí pé mo ṣí àgbàlagbà ní fìlà. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìkòkò màmá mi. Kò sí èyí tó fọ́ nínú wọn.