Wáyà Inú Gìtá Kòwọ́n

Ẹ má bi mí léèrè gìtá báàsì olówó pọ́ọ́kú mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ló mọ̀ ọ́n, òun náà ò sì sí mọ́.

Kòwọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Mọ́kànlá ló gbé kọ́ ògiri yàrá, ìyàwó rẹ̀ ní òun ti ní orogún mọ́kànlá tí kì í fọ abọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra gìtá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò gbé e wá. Kòwọ́n á di ojú kan, yóò wo ọrùn gìtá bóyá ó wọ́, yóò wá ki í bọ áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè.

"Gbogbo wọn ló ń kùn. Fọwọ́ kan okùn rẹ̀. Tó bá dákẹ́, rà á. Tí kò bá dákẹ́, wáyà inú rẹ̀ ti já."

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wáyà inú èyí tó fẹ́ràn jù nínú gìtá tirẹ̀ gan-an ti já láti ọjọ́ tó ti rà á.

Áńpù yẹn ló ń já mi láyà. Ihò iná méjì ni ògiri ní, púlọ́ọ̀gì áńpù sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Kí ni Kòwọ́n ṣe? Ó gé ẹsẹ̀ kẹta dà nù! Rédíò ni mò ń tún ṣe, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn ló ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sílẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ kan irin áńpù náà báyìí, yóò ta mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan yìí máa pààyàn."

"Ọdún mẹ́sàn-án rèé, ṣé mo ti kú?"

Olórí kunkun! Wáyà tó já nínú gìtá rẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí iná áńpù dé okùn gìtá tó jẹ́ irin. Èmi tí mò ń pe ara mi ní oníṣẹ́ iná, mi ò rò ó débẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, oníbàárà kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹni tó ń bá wa yan gìtá, tirẹ̀ ń kùn bí oyin." Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í. Inú bí mi. Mo já gìtá náà gbà, mo tú u, mo jó wáyà náà pọ̀ kí ọkùnrin yẹn tó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ kan okùn, ariwo dákẹ́.

"Àbúrò mi, o káre!" Ó dì mọ́ mi. Bàtà rọ́bà tó máa ń wọ̀ tó bá ń yẹ gìtá oníbàárà wò ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi nu ilẹ̀ yàrá. Kó má baà dọ̀tí ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé gìtá náà, ó ki í bọ áńpù, ó na ọwọ́ sí okùn. Ìyàwó rẹ̀ ní ohùn gìtá kan ṣoṣo lòun gbọ́, kò sì tètè tán. Ìgbà tó fi sáré dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Màmá wa ò mọ nǹkan kan nípa iná. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ni wọ́n ń fà mí hàn: "Ọmọ yìí ló ṣaájò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kẹ́yìn. Ó bá a tún gìtá rẹ̀ ṣe, inú rẹ̀ dùn títí." Àwọn àlejò á yíjú sí mi, wọ́n á máa dúpẹ́.

Èmi náà á ní, "Kò tọ́pẹ́."