Ọkọ̀ Pupa Onílẹ̀kùn Méjì

Aránṣọ àga ọkọ̀ ni. Àga mọ́tò tó bá ya, tó bá jó, tí ọmọdé bá fi abẹ gé, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Kò kàwé jìnnà. Ó kà á dé ibi tó ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀, ó yà bàrá lọ sídìí máṣíìnì, ibẹ̀ ló sì wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ni mẹkáníìkì. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Asáré. Bí Abẹ́rẹ́ ṣe dákẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni Asáré láriwo tó. Ẹ̀rín rẹ̀ á ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé ẹnu ọ̀nà.

Asáré rí ọkọ̀ pupa kan níbi tí wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ sí. Ọkọ̀ eré ni, onílẹ̀kùn méjì, ó balẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rá kòrò. Iwájú rẹ̀ ti wó, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú. Àwọn èèyàn ní pàǹtí ni. Asáré ní pàǹtí kọ́, oorun ló ń sùn. Ó tún un ṣe bí ẹni ń tọ́ ọmọ: lónìí búrẹ́kì, lọ́la iná, títí ọkọ̀ fi jí. Abẹ́rẹ́ ló rán àga rẹ̀. Awọ dúdú ni, ó fi òwú pupa rán etí rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ké, gbogbo àdúgbò ló jáde. Ìyá wọn di etí mú.

"Ẹ gbà mí o! Kí lẹ gbé wálé yìí, ọkọ̀ ni àbí kìnnìún?"

"Kìnnìún ni, Màámi," Asáré wí. "Èmi ni mo sì bí i, ẹ kú oríire ọmọ-ọmọ."

Kò gùn ún pẹ́. Ó ní orí ń fọ́ òun. Wọ́n ní ibà ni. Ó lọ dùbúlẹ̀, kò dìde mọ́. Ẹni tí kì í dákẹ́, ó dákẹ́.

Aburú kì í dá rìn. Kí omijé tó gbẹ lójú, ìyá wọn ṣubú nílé ìwẹ̀, egungun ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí i. Ọjọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn bá a sọ ọ́ gbangba.

"Màmá, irin ti gbé egungun yín ró. Ìyókù dọwọ́ yín. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lẹ ó máa wá, ká máa tẹ ẹsẹ̀ yìí, ká máa nà án. Bí ẹ bá jẹ́ kó gan, ẹ ò ní lè rìn mọ́."

Orí òkè ni ilé wọn wà. Bọ́ọ̀sì kì í gùn ún, ìsàlẹ̀ ló ti ń já èrò. Takisí ní gbogbo ìgbà kọjá agbára aránṣọ àga. Ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ọkọ̀ pupa.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ náà, àfi kó wálẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí ilẹ̀. Ìyá fi ẹ̀yìn wọlé, orí rẹ̀ gbá òrùlé ọkọ̀. Ó tẹ orí ba, ẹsẹ̀ ò tẹ̀. Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ náà wọlé bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá ké.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màámi."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ ti kí? Ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ọkọ̀ fún ejò, ìwọ ń fi èèyàn sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Àmọ́ òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, Abẹ́rẹ́ nìkan ò lè fà á jáde. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló wá bá a gbá apá kejì mú, wọ́n fà á jáde bí ẹni ń wa iṣu.

Ọkùnrin kan ń ta táyà lódìkejì ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́. Ẹnu rẹ̀ dùn, kò sì mọ ibi tó yẹ kó ti pa á mọ́. Ó ní ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan, onílẹ̀kùn mẹ́rin, ọkọ̀ jẹ́jẹ́. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, àga rẹ̀ ga tó ìdí ẹni tó bá dúró. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọkọ̀ pupa. Ó wá bá Abẹ́rẹ́ nídìí máṣíìnì.

"Àbúrò, gbọ́ mi. Gba tèmi, kí n gba tìẹ. Ká kàn ṣe pàṣípààrọ̀, kó parí síbẹ̀."

"Rárá, bọ̀dá."

"Mo rí bí o ṣe ń ti màmá bọ inú ẹ̀ láàárọ̀. Bí ẹni ń ki ìrọ̀rí bọ àpò ni."

Abẹ́rẹ́ ń tẹ máṣíìnì lọ.

"Ọkọ̀ àpọ́n nìyẹn. Ọkọ̀ ẹni tí ò níyàá nílé."

Máṣíìnì dúró. "Ẹni tó ni ín níyàá," Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ máa lọ, bọ̀dá."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ sókè. "Mo ti lọ. Àmọ́ ọkọ̀ tèmi ò tíì lọ o."

Ohun kan wà tí Abẹ́rẹ́ ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ó máa ń gba ọ̀nà fífẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá. Á tẹ̀ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì á ké, atẹ́gùn á gba ojú fèrèsé wọlé, àwọn igi á máa sá sẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Asáré ló ti dà bíi pé wọ́n fi okùn di àyà rẹ̀. Orí ọ̀nà yẹn nìkan ni okùn náà ti ń dẹ̀. Bó bá délé, á tún le. Ṣé èèyàn á wá fi ìyẹn ṣe pàṣípààrọ̀ ọkọ̀ tó ń rìn bí ẹni tó ń lọ sílé ìwé?

Ó ní òun ò ní yan ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Òun aránṣọ àga, ṣé àga ló máa wá dá òun? Ó tú àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Ó gbé fóòmù lé fóòmù kó lè ga. Ìyá jókòó. Àga bá ìdí rẹ̀ mu, àmọ́ òrùlé tẹ orí rẹ̀ ba bí orí ẹni tó jalè. Abẹ́rẹ́ tún un tú. Ó gé fóòmù náà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó fi awọ tó ń yọ̀ bò ó kí ìyá lè rọra yọ̀ wọlé. Ìyá yọ̀ wọlé lóòótọ́. Ó yọ̀ kọjá ibi tó yẹ, orúnkún rẹ̀ lọ gbá iwájú ọkọ̀. Irú igbe tó ké, ọjọ́ ìsìnkú ni Abẹ́rẹ́ ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ó tún tú u. Lọ́tẹ̀ yìí ó sàn díẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ gbá àga náà.

"Ó dáa báyìí."

"Ṣé lóòótọ́, Màámi?"

"Mo ní ó dáa. Ṣé kí n jó fún ọ ni?"

Kò pẹ́ sí i tí ìyá fi ní ọsibítù ti ní kí òun sinmi. "Wọ́n ní ẹsẹ̀ ń gbádùn. Wọ́n ní kí n máa nà án fúnra mi nílé." Inú Abẹ́rẹ́ dùn. Kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn mọ́ etí, èèyàn kì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń gé awọ lọ́wọ́ ni fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ọ̀sì ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọsibítù mìíràn lẹ ń gbé màmá lọ báyìí?"

"Rárá, mà. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sinmi."

"Èmi? Èmi kọ́ o. Màmá ló ní ẹ ò ráyè gbé àwọn wá mọ́. Ẹ gbọ́, ẹsẹ̀ yẹn ti ń gan kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Bó bá tún pẹ́ sí i, kò ní sí ohun tí a lè ṣe."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó rí i pé òun ti gé awọ náà gba ibi tí kò yẹ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà.

"Màámi, nọ́ọ̀sì pè mí."

Ìyá ò bojú wẹ̀yìn. "Obìnrin yẹn lẹ́nu jù."

"Ẹ purọ́ fún mi."

"Mo purọ́ fún ọ. Ṣé o fẹ́ nà mí ni?"

"Ẹsẹ̀ yín ń gan, Màámi!"

"Ṣebí ẹsẹ̀ mi ni, àbí tìẹ ni? Bí mo bá ní ó ń dùn mí nínú ọkọ̀ yẹn, wàá lọ pààrọ̀ ẹ̀. Ọkùnrin táyà yẹn wá síbí, ó ń yí i ká bí ẹni tó fẹ́ ra ẹran. Mo mọ̀ ọ́. O ò ní gbà fún un nítorí ara rẹ. Nítorí tèmi, wàá gbà."

"Ẹ jẹ́ kí n gbà nígbà náà."

"Mi ò fẹ́."

Ohùn ìyá wálẹ̀.

"Bí o bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, láti ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Orí mi ò dàrú. Àmọ́ kí n tó rántí pé ìwọ ni, ọmọ mi àgbà ló ń bọ̀ wálé. Ìṣẹ́jú akàn ni. Ìṣẹ́jú akàn yẹn ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi ń sùn. Kí wá ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ṣe?"

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀. Ó ti rò pé òun nìkan lòun ń rí ẹ̀gbọ́n òun nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n jọ ń rí i ni. Ẹsẹ̀ ìyá ló sì ń gbẹ lọ.

"Mo máa pààrọ̀ ẹ̀, Màámi."

"Dán an wò. Mi ò ní wọ ti ọkùnrin yẹn. Kó máa fi kó táyà."

Ọjọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ pupa lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ mú ohun kan kúrò nínú rẹ̀. Asáré sanra, apá òsì ló sì máa ń fì sí bó bá ń wakọ̀. Abẹ́rẹ́ rò pé ojú ibi tó jókòó sí á ṣì wà nínú fóòmù àga awakọ̀. Òun á gé e jáde, òun á tọ́jú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú pupa náà. Ọkùnrin táyà dúró tì í.

"Àbúrò, ṣé orí ìdúró ni kí n ti máa wà á ni?"

Abẹ́rẹ́ ṣí awọ. Fóòmù náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò sí ibi tó jìn, kò sí ibi tó fì. Òun fúnra rẹ̀ ló yan fóòmù yẹn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò gbọdọ̀ jókòó lórí gbàrọgùdù, ó sì mú èyí tó dára jù wá. Fóòmù tó dára, bí ẹni tó jókòó bá ti dìde, wíwú ló ń wú padà, bíi pé ẹnikẹ́ni ò jókòó níbẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n ṣe ń rà á nìyẹn.

Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó wú padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin táyà, tòun ti ẹnu dídùn rẹ̀, jáde lọ dúró sínú oòrùn. Abẹ́rẹ́ rán awọ náà padà, ó rán etí rẹ̀ pé, ó kó kọ́kọ́rọ́ fún un.

"Mo máa tọ́jú ẹ̀, àbúrò."

"Ẹ má tọ́jú ẹ̀. Ẹ máa fi sáré."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tó gbé síwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Abẹ́rẹ́ ṣí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ aláwọ̀ eérú sílẹ̀ níwájú ilé, ó dúró. Ìyá ò jáde. Ó wọlé lọ bá a. Ìyá jókòó sétí ibùsùn. Aṣọ ìjáde ti wà lọ́rùn rẹ̀. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èkejì wà nílẹ̀: ó ti gbìyànjú títí, ẹsẹ̀ náà ò tẹ̀ débi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó wọ bàtà náà fún un.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́ o," ìyá wí.

"Mo gbọ́, Màámi."

Ó fi ìdí kan àga ọkọ̀, ó yí ara, ó ti wọlé. Ẹnikẹ́ni ò ràn án lọ́wọ́. "Ó rọrùn," ó ní, bí ẹni tó ń búni.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ẹsẹ̀ náà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Díẹ̀ ló tẹ̀, ó le gbagidi.

"Bóyá kò tíì pẹ́ jù," nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò lè ṣèlérí."

Ó tún un tẹ̀. Ìyá bú sẹ́kún. Ẹkún náà kì í ṣe ẹkún kékeré, ó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí nọ́ọ̀sì fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ẹsẹ̀ ni? Ṣé kí n dúró ná?"

Ọmọ rẹ̀ ni ìyá ń wò. Abẹ́rẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ẹ tún un tẹ̀, mà," ó ní.