Òróró Tí Mo Fi Pa Ẹ̀gbọ́n Mi Lápá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe bíi kí n fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ. Omi tútù ni o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ dán omi gbígbóná wò, ẹ̀jẹ̀ náà kò ní jáde mọ́ láéláé. Ara aṣọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti kọ́ ọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, òun ti di mọ́kàndínlógún, Dagenham níbí, ní London, la sì ń gbé, nígbà tí ilé iṣẹ́ mọ́tò ṣì ń tú èéfín.

Òun àti àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló kó ara wọn jọ láti máa gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Mo ní gbá, irọ́ ni mo pa. Bọ́ọ̀lù tí orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó ni, apá ni wọ́n fi ń gbá a mọ́ àyà sáré, àwọn tó kù á sì máa wá bí wọ́n ṣe máa la ẹni tó gbé e mọ́lẹ̀. Akoto àlòkù ni wọ́n dé sórí. Fóòmù àga mọ́tò ni wọ́n gé, tí wọ́n fi okùn dè mọ́ èjìká.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, eyín iwájú méjì yọ lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ó tu wọ́n sọ́wọ́, ó kó wọn sápò, ó sì padà sínú eré. Lọ́sẹ̀ kejì, mo dúró sídìí ọgbà, mo sì gbọ́ bí eegun èjìká ọkùnrin kan ṣe dún nígbà tó kán. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Tí rẹfirí bá ti kọ̀yìn, àwọn alátakò á tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Àwọn tirẹ̀ gan-an ò fẹ́ràn rẹ̀, eré sísá rẹ̀ ni wọ́n nílò. Ó sọ fún mi pé tí àwọn bá fi lè borí dé ìparí sáà, wọn ò ní fi orúkọ burúkú tí wọ́n fi ń bú aláwọ̀ dúdú pe òun mọ́ níbi iṣẹ́. Ohun tó ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ń borí, wọ́n ń borí, ó wá ku eré ẹyọ kan. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìyá wa ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ eré náà, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó gbé ìgò òróró tí wọ́n ti gbàdúrà sí lé mi lọ́wọ́.

“Ṣe àmì àgbélébùú sí ẹ̀gbọ́n rẹ níwájú orí. Iwájú orí nìkan o!”

Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń dì í lápá tí wọ́n á fi gbé e ṣán lẹ̀. Mo rò ó pé tí apá náà bá ń yọ̀, ọwọ́ ta ni yóò mú un? Mo fi òróró pa á láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó tó, ó nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó lọ. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, ó gba bọ́ọ̀lù, ó sá. Ẹnìkan dì í lápá, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ẹlòmíì dì í, tòun náà yọ̀. Mo ń fò sókè, mo ń pariwo pé, “Òróró mi ni! Òróró mi ni!” Ó ku bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó dé ìlà tí wọn ì bá fi borí ni bọ́ọ̀lù yọ̀ bọ́ kúrò lápá rẹ̀. Àwọn alátakò gbé e, wọ́n sì borí.

Àwọn mẹ́ta nínú àwọn tirẹ̀ wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, mo sì sá tẹ̀lé wọn. Wọ́n ta á nípàá nínú, wọ́n gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu. Ọ̀kan fọwọ́ ra á lápá, ó fi òróró náà han àwọn yòókù, ó sì ń bi í ní nǹkan kan léraléra. Igbe tí mò ń ké kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń mi orí ṣáá. Wọ́n tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sórí kọnkéré, ẹni tí eyín rẹ̀ yọ níjọ́sí sì ń fi gìgísẹ̀ bàtà gún un bí ẹni gúnyán. Mo gé e jẹ nítan títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó sì gbá mi dànù. Nígbà tí ìyá wa dé, mo ní iwájú orí nìkan ni mo kàn.

Ìka mẹ́ta kò ṣẹ́ po mọ́ lọ́wọ́ náà títí di òní.

Wọ́n ti wó ilé iṣẹ́ mọ́tò náà. Beam Park ni wọ́n ń pe ibẹ̀ báyìí, ilé tuntun ló kún un, ẹ̀gbọ́n mi sì ń gbé nínú ọ̀kan. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ṣe eré kan náà. Ìhámọ́ra tirẹ̀ dára, ẹni tó ń kọ́ wọn á sì dá eré dúró tí ẹnikẹ́ni bá ti sín. Inú mi dùn sí i, kí n má parọ́. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ síbẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ níkẹyìn.

“Bùrọ̀dá, iwájú orí nìkan ni Màámi sọ o. Èmi ni mo pa á dé apá.”

“Mo mọ̀ now. Ohun tí wọ́n ń bi mí nìyẹn: who put oil on you? Mo ní mi ò mọ̀. Ṣé kí n wá nawọ́ sí ẹ ni, níbi tó o ti ń ké lẹ́yìn wọn?”

Mo sunkún bí ọmọdé. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti wọlé pẹ̀lú akoto lápá, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Grandma, pray for me, abeg, we're late.” Èmi náà ti di ìyá nínú ìjọ. Mo ṣí ìgò òróró mi. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ tí kò ṣẹ́ po yẹn, ó fi dí ọwọ́ mi lọ́nà.

“Iwájú orí nìkan o,” ó ní.