Omi Tó Mọ́ Lójú, Tí Kò Mọ́ Nímú

Bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ kànga ẹ̀yìn ilé wa ní Dópẹ̀mú, kí ilé epo tó dé ẹ̀gbẹ́ wa. Omi rẹ̀ ni mo fi wẹ ọmọ mẹ́fà. Àfi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé omi ẹ̀kọ kaná, tí gbogbo ilé ìdáná ń rùn bẹntiróòlù. Mo wo inú ìfami. Nǹkan kan ń dán lójú omi, ó ń yí àwọ̀ bí ọrùn ẹyẹlé.

Táńkì ilé epo ló jò lábẹ́ ilẹ̀. Wọn ò jiyàn. Wọ́n gbẹ́ ihò tóóró mẹ́rin yí ọgbà wọn àti tèmi ká, wọ́n gbé ẹ̀rọ wá tó ń fa epo kúrò lára omi, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ táńkà gbé omi mímu wá fún wa. Oṣooṣù ni injiníà wọn, ọmọ tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ í ṣe, ń sọ okùn olórí irin sínú ihò. Bó bá kan omi, á máa dún kọ́-kọ́-kọ́. Bó bá kan epo, á figbe ta lọ láìdánu dúró.

Èmi náà ní tèmi. Màá bu omi kànga sínú abọ́ tánganran funfun ní ìrọ̀lẹ́, màá dé e. Láàárọ̀, kí n tó fẹnu kan ohunkóhun, màá ṣí i, màá ti imú bọ̀ ọ́.

Ọdún méjì la ṣe é báyẹn. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí òjò ti rọ̀ rọ̀ rọ̀, injiníà dé pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ tó wọ kóòtù. Wọ́n sọ okùn sílẹ̀. Kọ́-kọ́-kọ́.

Ọ̀gá fa ìwé kan yọ, ó ṣí ìǹkì. "Màmá, omi ti mọ́. A fẹ́ kó ẹ̀rọ wa lọ. Ẹ bá wa tẹ̀ka síbí."

Ayálégbé mi, tíṣà ará Èkìtì, bá mi ka ìwé náà. Ó ní wọ́n kọ ọ́ pé mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, n kò sì ní sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Mo ní, "Ṣé ó mọ́ lójú ni, àbí ó mọ́ nímú?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀rọ kì í purọ́."

"N ò ní ó purọ́. Àsìkò tí kò lè dáhùn lẹ bi í léèrè. Nígbà òjò, omi á gòkè, á bo epo mọ́ inú ilẹ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí omi lọ sílẹ̀, epo á jáde. Abọ́ mi ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Abọ́ kẹ̀?" Ojú rẹ̀ le. "Tí ẹ ò bá tẹ̀ka, omi táńkà ò ní wá mọ́ o."

"Kó má wá. Mo ti ń pọnmi kí wọ́n tó bí yín. Ẹ gbé ìǹkì yín, mo mọ̀wé díẹ̀."

Mo gba báírò lọ́wọ́ tíṣà. Mo kọ ọ́ sí ìdí ìwé wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn: Ẹ padà wá nígbà ọyẹ́. Injiníà ń wo bàtà ara rẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pa ẹ̀rọ. Omi táńkà dúró. Mo ń pọnmi ní bóhóòlù mọ́ṣáláṣí, òpópónà kejì sí wa, orúnkún mi sì ń bá mi jà. Àwọn ará ilé ní, "Ìyá, ẹ kúkú tẹ̀ka." Mo ní orúnkún ló ń dùn mí, kì í ṣe àtàǹpàkò.

Ọyẹ́ dé. Abọ́ mi rùn. Mo ránṣẹ́ sí injiníà. Ọ̀gá náà bá a wá. Okùn sọ̀kalẹ̀, ó pẹ́ kó tó kan nǹkan. Nígbà tó kàn án, ó figbe ta lọ.

Mo ní, "Ẹ má tíì fà á. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá gbọ́ ọ dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tan ẹ̀rọ padà, táńkà sì dé. Ẹ̀rọ náà ṣì ń dún lẹ́yìn fèrèsé mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Abọ́ mi ṣì wà lórí àga. Tí wọ́n bá tún ní ìwé tí mo máa buwọ́ lù, kí wọ́n mú un wá nígbà ọyẹ́, kí wọ́n sì mú imú wọn dání.