Kọ̀ǹpútà Tí Kì Í Kí Àgbà

Mo rántí ìgbà tí Màmá mi jókòó níwájú kọ̀ǹpútà tuntun, tí wọ́n ká ọwọ́ lé itan, tí wọ́n ń retí kí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ kí àwọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi í ránṣẹ́ sílé ní Èjìgbò láti Àbíjàn, kí òun àti Màmá lè máa ríra láràárọ̀, nítorí àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Linux, irú ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú rẹ̀. Bí a bá tàn án, ojú dúdú lásán ni yóò gbé jáde, àfi ìgbà tí mo bá tẹ orúkọ, tí mo tún tẹ àṣẹ kan lé e, ni àwòrán tó máa ń jáde. Mo sì máa ń ṣe fáàrí bí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé èmi ni mo dá ẹ̀rọ sílẹ̀.

“Èyí ò ní ẹ̀kọ́ ilé,” ni Màmá wí. “Ó rí àgbà, ó dijú.”

Nígbà tó yá, mo ríṣẹ́ olùkọ́ ní Ìsúndùnrìn, mo sì ní láti máa gbé ibẹ̀. Màmá ò bínú, ṣùgbọ́n wọ́n bi mí pé, “Ta ni yóò wá máa fi ojú ọmọ mi hàn mí?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo jókòó ti ẹ̀rọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo kọ́kọ́ bà á jẹ́, mo tún un ṣe, títí ojú ìwọlé tó ní àwòrán fi ń jáde fúnra rẹ̀ bí a bá ti tàn án. Mo fi àwòrán ẹ̀gbọ́n mi síbẹ̀, mo kọ “Ẹ káàárọ̀, Màmá” sókè rẹ̀.

Àjàní, oríkì ẹ̀gbọ́n mi, ni Màmá mú ṣe páásíwọọ̀dù. Mo ní àṣírí ni o. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á ní Bísímílà, wọ́n á tàn án, wọ́n á dá kíkí rẹ̀ lóhùn, wọ́n á wá ké “Àjàní o!” kí wọ́n tó máa wá lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tí kò mọ àṣírí náà ládùúgbò wa.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi padà wálé. Èmi náà wà nílé lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tó dé. Bí ìṣe wọn, Màmá tan kọ̀ǹpútà, wọ́n ké sí Àjàní.

“Ẹ̀ẹ́n, Màmá, mò ń bọ̀,” ni ẹ̀gbọ́n mi dáhùn láti yàrá kejì.

Ọwọ́ Màmá dúró lórí lẹ́tà àkọ́kọ́. Wọn ò tẹ èyí tó kù.

Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí Àbíjàn báyìí, Màmá ṣì ń ké sí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá ti pè é tán, wọ́n máa ń kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà yàrá kejì kí wọ́n tó tẹ lẹ́tà kankan.