Ọdún Tí Mo Ń Bẹ Ọlọ́run Kí Ẹgbẹ́ Wa Fìdí Rẹmi

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Old Trafford ní Manchester, bí wọ́n bá bi èèyàn pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wo ló ń tì lẹ́yìn, ìdáhùn méjì péré ló wà: àwọn aláṣọ pupa tàbí àwọn aláṣọ búlúù. Èmi ò sí nínú èyíkéyìí. Melbourne ní Australia ni ẹgbẹ́ tèmi wà, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá kì í sì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni mọ̀ ní àdúgbò wa ní Longsight. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ débi tí mo fi ń pààrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ torí rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Swinton ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ rí ìjà mi, kí wọ́n fi mí síṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé.

Bọ́ọ̀lù ọ̀hún rí gbọọrọ bí ìbẹ́pẹ. Wọ́n ń fọwọ́ gbé e sáré, wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá a, wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ lù ú sí ara wọn, wọ́n sì ń gun ara wọn lẹ́yìn láti hán an lójú ọ̀run. Òpó mẹ́rin ló dúró ní ìpẹ̀kun pápá kọ̀ọ̀kan. Bí o bá gbá a gba àárín méjì tó ga jù, àmì mẹ́fà ni. Bí o bá ṣì í gbá, tó gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tún fún ọ ní àmì kan. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo ní ilẹ̀ wo ni wọ́n ti ń dá ẹni tó ṣàṣìṣe lọ́lá? Àmọ́ bí àwọn ọmọ wa ṣe ń gbá a lọ́dún yìí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan yẹn náà la fi ń gbéra.

Ọmọ mi obìnrin ló kó mi wọ inú rẹ̀. Òun nìkan la bí. Manchester la bí i sí, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní Australia làwọn ń lọ, pé iṣẹ́ níbẹ̀ ò ni èèyàn lára bíi tibí, pé oòrùn sì wà. Ó ní ọdún kan péré ni. Ọdún kan ọ̀hún ti bímọ, ó ti ń bí ọmọ ọmọ.

Ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wa lórí fóònù kì í gùn. Màá ní ṣé o ti jẹun, á ní òun ti jẹun. Màá ní ṣé òtútù ò mú ọ, á ní Mummy, ooru ló wà níbí. Lẹ́yìn náà, kálukú á dákẹ́, á máa gbọ́ bí ẹnì kejì ṣe ń mí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù mú un lọ wo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, ó pè mí láti inú pápá, ó yí fóònù kí n rí èrò. Nígbà tó tún pè lọ́sẹ̀ kejì, torí kí ọ̀rọ̀ má baà tán ni mo ṣe bi í pé báwo ni àwọn èèyàn rẹ ṣe ṣe é. Ah! Ọmọ tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ sọ̀rọ̀ títí ìrẹsì mi fi jóná lórí iná. Mo ní ọ̀nà ti là. Ó bá mi ṣètò bí màá ṣe máa rí i wò lórí tábúlẹ́ẹ̀tì mi, ó fi ìbòrùn ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí mi, èmi náà sì fi ara jìn.

Ẹni tó bá fi ara jìn ni ọ̀rọ̀ ń dùn. Láti oṣù kẹta tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni mo ti ń bínú sí akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Orí kunkun ló fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọkùnrin kúkúrú kan wà níbẹ̀ tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, tó ń hán bọ́ọ̀lù lé àwọn tó ga jù ú lọ lórí, àfi kí ọkùnrin yìí fi í jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá títí ọ̀rọ̀ á fi bàjẹ́. Ta ló wá ń lò? Onírùngbọ̀n gíga kan. Bí onírùngbọ̀n bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù sílé, á kọ́kọ́ fa ìbọ̀sẹ̀, á nu ọwọ́, á wo ojú ọ̀run, á ṣe gbogbo ètò bí ọkọ ìyàwó, á wá gbá a lu òpó. Oṣù karùn-ún kò tíì parí tí a ti wà nísàlẹ̀ tábìlì, tí mo ń bú wọn nínú ilé ìdáná.

Ìgbà tó di oṣù kẹfà ni ọmọ mi pè mí.

"Mummy, mo ní annual leave ní September. Tí a ò bá wọ finals, mo ń bọ̀ sílé, two weeks, swear down. Tí a bá sì wọ̀ ọ́, I can't miss it. Ẹ mọ̀ bó ṣe jẹ́."

"Mo mọ̀ dáadáa," ni mo dá a lóhùn. Kí ni ǹ bá tún sọ? Èmi tí mo ti sọ ara mi di ọ̀gá nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. "Ta ló máa fi irú ẹ̀ sílẹ̀?"

Àwọn ẹgbẹ́ tó wà lókè tábìlì nìkan ló ń wọ finals, ìyẹn ìdíje àṣekágbá ti oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ wo tábìlì ìdíje, mo rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ wa burú débi pé ọmọ mi ti wọ ọkọ̀ òfúrufú tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Mi ò sọ fún ọkọ mi. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, Stockport Road ló ń ná, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé bí bọ́ọ̀lù rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ yìí ní òun ń bọ̀ wá ṣe Kérésì ní èṣí, ọkùnrin yìí kun yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, ó sọ fún gbogbo èrò bọ́ọ̀sì. Ìgbà tó wá kù díẹ̀, ilé ìwòsàn níbẹ̀ ní àwọn ò lè yọ̀ǹda rẹ̀. Ọkọ mi ti ilẹ̀kùn yàrá náà, kò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀rù irú ìyẹn ń bà mí, mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ibi tí mo ti ṣì í ṣe nìyẹn. Kò mọ àdéhùn wa, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Ó gbọ́ ọ tó ń sọ pé "We lost again," ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Ó bi mí pé kí ló ń bà á nínú jẹ́. Mo ní bọ́ọ̀lù ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ ò ṣe dáadáa. Ọkọ mi mú ọ̀rọ̀ náà lọ síbi àdúrà àwọn ọkùnrin láàárọ̀ Sátidé, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run kó gbé ẹgbẹ́ ọmọ òun sókè. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ò bèèrè ẹgbẹ́ wo, wọn ò bèèrè irú bọ́ọ̀lù wo. Ọ̀rọ̀ ọmọ lo mú wá, wọ́n dìde, wọ́n ṣánpá, wọ́n pariwo Àmín. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti mú ọmọkùnrin kúkúrú wọ pápá, la sì bẹ̀rẹ̀ sí í borí.

Àdúrà méjì ló wá ń gòkè láti inú ilé kan. Bí bàbá ṣe ń gbàdúrà ní Old Trafford kí wọ́n borí, ni èmi ń dúró ti síńkì ní Longsight, tí mò ń sọ pé, Olúwa, ìwọ tó mọ ọkàn ìyá, jẹ́ kí wọ́n fìdí rẹmi díẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fara pa o. Kí wọ́n kàn máa gbá a lu òpó bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá dé, á bi mí pé báwo ni. Màá ní wọ́n borí. Á ní, "Ògo ni fún Ọlọ́run!" Èmi náà á fi eyín rẹ́rìn-ín, inú mi á máa bàjẹ́.

Èyí tó tún burú ni pé mo fẹ́ràn wọn lóòótọ́. Bí ọmọkùnrin kúkúrú bá gun ẹnì kan lẹ́yìn, tó hán bọ́ọ̀lù, màá ti pariwo kí n tó rántí. Màá tún jókòó, màá bi ara mi pé, ìwọ obìnrin yìí, ẹ̀yìn ta lo wà gan-an?

Gbogbo àsìkò yẹn ni mò ń wo ẹ̀gbẹ́ mi bí ẹni tó sọ nǹkan nù. Mo dé Longsight Market, mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dúdú bí ọmọ mi ṣe máa ń fẹ́ ẹ. Ilé ni mo dé kí n tó rántí pé èmi àti bàbá rẹ̀ kì í jẹ ẹ́. Nínú bọ́ọ̀sì, mo tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan tó di irun bí tirẹ̀, mo sọ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tèmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, a gbàdúrà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń padà sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Gbogbo wa ń yọ̀ mọ́ wọn, ìlara àwọn ìyá wọn ni èmi ń ṣe lọ́kàn mi. Àwọn yẹn bí ọmọ sílé, wọ́n rán an lọ sí ìdálẹ̀, ó sì ń padà bọ̀. Èmi wá sí ìdálẹ̀ wá bímọ, ọmọ náà tún wá ìdálẹ̀ mìíràn lọ. Ibo ni kí n ní kó padà sí?

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó yan àwọn tó ń lọ sí finals bọ́ sí Sátidé kan lópin oṣù kẹjọ. Bí a bá borí, a wọlé. Bí a ò bá borí, ọmọ mi ń bọ̀. Ọkọ mi ti ti ibi àdúrà dé kíákíá, ó ní lónìí òun náà fẹ́ rí ohun tí àwọn ń gbàdúrà lé lórí. Ó jókòó tì mí lórí àga, ó di ife tíì mú, ó ń bi mí ní ìbéèrè bí ọmọdé.

A wà lẹ́yìn wọn ní ìwọ̀nba díẹ̀ nígbà tí onírùngbọ̀n hán bọ́ọ̀lù níwájú ilé wọn. Fèrè dún.

"Ó ti parí nìyẹn?" ni ọkọ mi bèèrè.

"Kò tíì parí. Ẹni tó bá ti hán an kí fèrè tó dún, wọ́n á dúró dè é kó gbá a. Tó bá gbá a wọlé, a borí."

Onírùngbọ̀n fa ìbọ̀sẹ̀. Ó nu ọwọ́. Ọkàn mi balẹ̀, torí mo mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi dijú, ó ń gbàdúrà sókè. Èmi náà di ọwọ́ mi pọ̀, mo ní Olúwa, òpó, òpó, òpó. Onírùngbọ̀n sáré wá, ó gbá a, bọ́ọ̀lù sì gba àárín gbùngbùn.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fò sókè. Èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo. Ọkọ mi dì mọ́ mi, ó ń jó, ó ní Ọlọ́run gbọ́, Ọlọ́run gbọ́, a jó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Ó rò pé ayọ̀ ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe ayọ̀, ó mú mi jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: September, àdéhùn, àdúrà tí mò ń gbà nídìí síńkì.

Kò bínú.

"Ṣé o sọ fún un pé o fẹ́ kó wá?"

"Ó mọ̀, Daddy."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó mọ̀. Mo ní ṣé o sọ fún un."

Fóònù dún. Ojú ọmọ mi ló yọ, ó wé aṣọ ẹgbẹ́ mọ́ ọrùn, èrò ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀. "Mummy! Ẹ rí i? Ẹ rí i? We're in! He actually kicked it straight!"

"Mo rí i," ni mo wí. "Mo fẹ́ kí o wá sílé."

"Mi ò gbọ́ yín, Mummy. Ariwo pọ̀!"

Mo gbé ohùn sókè débi pé àwọn ará ilé kejì á ti gbọ́ mi. "Mo ní mo fẹ́ kí o wá sílé! Àárò rẹ ń pa mí. Bí wọ́n wọlé, bí wọn ò wọlé, mo fẹ́ rí ọ!"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó rìn kúrò láàárín èrò lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn kan, ariwo dín kù.

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí," ló ní. "Ìgbàkúùgbà tí mo bá pè, bọ́ọ̀lù lẹ kọ́kọ́ máa ń bèèrè. Even lọ́jọ́ birthday mi. Mo rò pé òun nìkan lẹ fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi."

Mo fi etí aṣọ nu ojú. Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó gbé e sún mọ́ ojú ara rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ìyá ẹ ń sunkún."